Ìyàwó Tí Kò Wọlé Lọ́jọ́ Ìgbéyàwó

Ìfẹ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, orí bọ́ọ̀sì ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín Barking àti Creekmouth nílùú òyìnbó, lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù Jánúárì tí yìnyín bo gbogbo ojú fèrèsé. Ẹ farabalẹ̀ kà á. Bí orin bá bọ́ sí yín lẹ́nu lójú ọ̀nà, ẹ máa kọ ọ́ lọ.

Wúrà ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀, tó ń ṣọ́ ọgbà ilé iṣẹ́ kan ní Creekmouth. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata wà nínú ike lórí itan rẹ̀, ìwé ńlá kan sì wà lórí ike náà, nítorí ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ nìyẹn lẹ́nu ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ó ti gba dìgírì nínú báyọ́lọ́jì, ó sì ti ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì fún ọdún mẹ́ta, níbi tó ti ń dá èsì lẹ́tà padà fún àwọn tó ń bínú. Àfi bó ṣe dìde lórí àga lọ́jọ́ kan, tó ní òun ò ṣe mọ́, pé àwọn àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn lòun fẹ́ lọ tọ́jú. Nítorí pé ó ti ní dìgírì tẹ́lẹ̀, ọdún méjì ni wọ́n ní kó fi kọ́ ọ dípò mẹ́ta.

Ó gbójú kúrò nínú ìwé, ẹsẹ̀ ló rí. Ẹsẹ̀ ọkùnrin méjì, kò sí bàtà, kò sí ìbọ̀sẹ̀, wọ́n tẹ́jú sórí ilẹ̀ bọ́ọ̀sì tó tutù nini. Sútánà funfun ló wà lókè ẹsẹ̀ náà. Ojú tó wà lókè sútánà dára gan-an, àmọ́ Wúrà ò tíì dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó ti rí bí eérú ló ń wò.

"Brọ̀dá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ẹsẹ̀ yín wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dé ibẹ̀."

Kí ọkùnrin náà tó ronú, ó ti lóṣòó sáàárín bọ́ọ̀sì, ó ti fi àtàǹpàkò tẹ ọmọ ìka ńlá náà, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ó ní ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ti padà kí òun tó ka ẹ̀ta, kó tètè lọ wọ bàtà. Ọkùnrin náà ní Ọlọ́run tí òun fẹ́ lọ sìn kò gba bàtà pẹ̀lú sútánà. Wúrà ní Ọlọ́run yẹn náà ló fún un ní ọmọ ìka mẹ́wàá, kò sì sọ pé kó dá mẹ́sàn-án péré padà. Obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Morákinyọ̀ lorúkọ ọkùnrin náà. Lọ́rì ló ń wà ní Dagenham Dock, òun ló sì ń gbé orin ní Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Òwúrọ̀, ìjọ aláṣọ funfun tó ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Creekmouth. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, ó tún wà lórí bọ́ọ̀sì náà, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun kan tó nípọn bíi tìmùtìmù. Ó ní òun ti béèrè lọ́wọ́ Wòlíì, Wòlíì sì ní bàtà ni òfin dárúkọ, òfin ò dárúkọ ìbọ̀sẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí Morákinyọ̀ bá páàkì lọ́rì láti sinmi, á pe Wúrà. Tí Wúrà bá ti yunifásítì dé, òun náà á pè é. Ó ráhùn fún un pé àwọn ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù lára ènìyàn pọ̀, orí òun ò gbà wọ́n, ìdánwò sì ti dé tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, orin dé sórí fóònù rẹ̀. Ohùn orin ìjọ ni Morákinyọ̀ fi kọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ gbá ìdarí lọ́rì bí ẹni ń lu ìlù:

Ọrùn ọwọ́ ń lù kìkì,
Ẹ̀gbẹ́ ọrùn ń lù kìkì,
Ìgbúnwọ́ ń bẹ, ẹ̀yìn orúnkún ń bẹ,
Orí ẹsẹ̀ náà ń lù kìkì.
Wúrà, fọwọ́ kàn mí láyà,
Kí lo gbọ́?

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, Wúrà ń mi orí, ó ń mi èjìká, títí olùṣọ́ ìdánwò fi wá béèrè bóyá ara rẹ̀ dá. Ó yege. Wọn ò bi í ní ìbéèrè kankan nípa ìlà tó gbẹ̀yìn orin yẹn, àmọ́ ìlà náà gan-an ló ń kọ sùn lálẹ́.

Bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémiga, kò bá wọn yọ̀. Ìyá Wúrà ti kú tipẹ́, òun nìkan ló tọ́ ọ, kò sì tíì dárí jì í nítorí ọ́fíìsì tó fi sílẹ̀. Nínú fúláàtì wọn ní Gascoigne, lára àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ síbi tí wọ́n wó tàtijọ́ sí, fọ́tò ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ dìgírì nìkan ló wà lára ògiri. Ó ní gbogbo Abẹ́òkúta ló ti gbọ́ pé ọ̀gá lọmọ òun, báwo lòun ṣe fẹ́ pè wọ́n padà kí òun sọ fún wọn pé ìtọ̀ ló ń dà nù. Nígbà tó wá gbọ́ ti awakọ̀ tó ń wọ ìbọ̀sẹ̀ láìsí bàtà, ó ní kí ọkùnrin náà wá kí òun rí i.

Ó wá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀ díẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fún ọmọ mi tí kò rí gbà nínú ilé yìí?"

"Ẹni tí yóò máa gbọ́rọ̀ rẹ̀ ni, sà, tó bá ti ẹnu iṣẹ́ dé."

"Èmi kì í gbọ́ ọ ni?"

"Ẹ máa ń gbọ́ ọ, sà. Ẹ kì í kàn jẹ́ kó parí ni."

Wúrà, tó wà ní kíṣìnì, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ran bàbá rẹ̀ kó tó rí i gbé mì. Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún àlejò. "Oúnjẹ ni mo ní kí wọ́n fún ọ," ó ní. "N ò tíì ní kí wọ́n fún ọ lọ́mọ."

Ọ̀dọ̀ bàbá rọrùn ju ọ̀dọ̀ ìyá lọ. Màmá Morákinyọ̀ ni olórí àwọn obìnrin ní Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Òwúrọ̀, opó ni, ohùn rẹ̀ nìkan tó ẹgbẹ́ akọrin kan. Àǹtí Ṣọlá tó ń rán sútánà fún ìjọ ló ṣe alárinà. Ẹnu Àǹtí Ṣọlá dùn, kì í sì í jẹ́ kí òtítọ́ dá òun dúró lójú ọ̀nà. Ó ti lọ sọ fún Màmá pé nọ́ọ̀sì lọmọ náà, àti pé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló ń tọ́jú. Màmá yọ̀. Ó se oúnjẹ sílẹ̀ nílé rẹ̀ ní Dagenham, ó ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá.

Bí Wúrà ti kúnlẹ̀ tán, Màmá fà á dìde, ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ọwọ́ yìí rọ̀," ó ní. "Ọwọ́ tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ."

Wúrà wo Àǹtí Ṣọlá. Àǹtí Ṣọlá ń wo ẹran inú àwo.

"Mọ́mì, ẹ má bínú," Wúrà ní. "Ti ọmọdé kọ́. Àwọn àgbàlagbà ni mò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú."

"Àgbàlagbà a máa kú."

"Wọn a máa kú, Mà."

"Ta ní ń wẹ̀ wọ́n?"

Àǹtí Ṣọlá ti ń dáhùn pé ẹ̀rọ ni, pé òyìnbó ti ṣe ẹ̀rọ sí i. Wúrà ò jẹ́ kó bá a dé ìdí. "Àwa ni, Mà. Àwa nọ́ọ̀sì là ń wẹ̀ wọ́n."

Màmá Morákinyọ̀ rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọwọ́ ọmọ náà. Ó wá là á yé e, kò pariwo. Òfin ìjọ wọn ni pé ẹni tó bá fọwọ́ kan òkú kò gbọdọ̀ wọ inú ilé àdúrà fún ọjọ́ méje. Ẹni tó bá sì di ẹni náà lọ́wọ́ mú nínú ọjọ́ méje yẹn, níta ni òun náà yóò wà. Morákinyọ̀ ló ń gbé orin. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń wẹ òkú, tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé, ọjọ́ wo ló fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ó ní kí Wúrà lọ yí ẹ̀kọ́ náà padà sí ti ọmọdé, ọ̀rọ̀ tán.

Wúrà ní wọn kì í kàn sọdá bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ti ọmọdé ní láti fi eléyìí sílẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. "Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà mí láàyè lọ́la, Mà, mi ò ní ṣe é. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ nìyí."

Ó yíjú sí Morákinyọ̀. Morákinyọ̀ ń wo ìyá rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Ìdákẹ́ yẹn ló bá Wúrà délé. Kò gbé fóònù rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń lọ sí wọ́ọ̀dù láàárọ̀, ó ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin tó lè kọrin tí kò lè sọ̀rọ̀, kí lòun fẹ́ fi ṣe. Nígbà míì á rò ó pé bóyá bàbá òun ló tọ̀nà, pé kí òun padà sórí àga ọ́fíìsì, kí òun sinmi. Lọ́jọ́ tó ń ro èyí lọ́wọ́, bàbá arúgbó kan tí rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ di ìka ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fi í sílẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Wúrà dúró tì í. Ọ̀rọ̀ àga ọ́fíìsì parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Morákinyọ̀ ni kò parí. Ó ń bu omi sínú bẹ́sìnì ló gbọ́ ẹnu ara rẹ̀ tó ń kọ ọ́: ọrùn ọwọ́ ń lù kìkì. Ó dákẹ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ó bá Morákinyọ̀ níwájú ibùdó ọkọ̀ ojú irin Barking, nínú bàtà iṣẹ́ ńláńlá. Ó ti ń dúró láti agogo mẹ́rin.

"Bàbá mi kú sílé ìwòsàn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá," ó ní. "Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni. Wọ́n bi Mọ́mì bóyá ó fẹ́ bá wọn wẹ̀ ẹ́. Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fọwọ́ kàn án, torí òun ló fẹ́ darí orin ọjọ́ Àjíǹde. Ó lọ kọ ọ́. Nígbà tí o sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ẹnu mi wúwo."

"Ẹnu wo ló ń wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Tèmi ni. Mo jẹ̀bi. Mo wá sọ ọ́ báyìí."

"Ó dáa, sọ ọ́."

"Ìwọ ni mo fẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ méjèèjì, àti gbogbo ibi tí ọwọ́ náà bá dé."

Àwọn ènìyàn ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń sáré lọ wọ ọkọ̀. Wúrà ò rí ẹnì kankan nínú wọn.

Morákinyọ̀ délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí ṣọ́ọ̀ṣì bá gbà, kí ṣọ́ọ̀ṣì so wọ́n pọ̀, bí kò bá gbà, ilé ìjọba ń so ènìyàn pọ̀. Màmá bínú, ó sunkún, ó gbààwẹ̀. Wòlíì Adétúnbọ̀, tó jẹ́ olórí ìjọ, ènìyàn jẹ́jẹ́, bá wọn dá sí i, wọ́n sì mú ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kọkànlá. Bàbá Wúrà náà gbà. Ó ní òun ti wo ọkùnrin náà títí, ó ń jẹ́ kí ènìyàn parí ọ̀rọ̀.

Àmọ́ Màmá pe Wúrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọjọ́ tí o bá fọwọ́ kan òkú, ọjọ́ méje ni. N ò ní yí òfin padà nítorí pé ìyàwó ọmọ mi ni ọ́."

"Ẹ má yí i padà, Mà," Wúrà ní. "Mo gbà á bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó gan-an ni ìyá arúgbó kan kú ní wọ́ọ̀dù, ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Kò ní ọkọ, kò ní ọmọ, kò sí àlejò tó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Wúrà ló ti ń fún un lóúnjẹ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Sístà Sàídátù, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́, mọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà látòkèdélẹ̀. Ó ní, "Lọ mu tíì, Wúrà. Màá pe ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́."

Wúrà lọ. Ó po tíì. Ó dì í mú. Ó ro Morákinyọ̀, ó ro aṣọ funfun tí Àǹtí Ṣọlá ti rán tán, ó ro gbogbo èèyàn tí wọ́n ti pè. Ó wá ro ìyá arúgbó tó wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí yóò jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò wẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn, torí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n fẹ́ lọ ṣe ìyàwó. Ó da tíì nù. Ó so épírọ́ọ̀nù rẹ̀ mọ́dìí, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó lọ.

Nígbà tó sọ fún Àǹtí Ṣọlá nírọ̀lẹ́, ohun kan ṣoṣo ni ìyẹn bi í: "Ta ló rí ọ?"

"Mo rí ara mi, Àǹtí."

Nígbà tó pe Morákinyọ̀, ó bẹ̀rù pé yóò tún dákẹ́. Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín dípò bẹ́ẹ̀. Ó ní kó wá aṣọ òtútù sábẹ́ aṣọ ìyàwó, atẹ́gùn àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì kì í ṣe kékeré.

Wúrà pe Wòlíì fúnra rẹ̀, ó sọ fún un. Wòlíì ní kí wọ́n sún un síwájú. Màmá Morákinyọ̀ gbọ́, ó ní bí wọ́n bá fẹ́ sún un, kí wọ́n sún un dé ìgbà tí ọmọ náà bá parí ẹ̀kọ́ tó sì ronú. Wúrà ní òun ò sún ọjọ́ kankan. Òfin ní kí òun má wọlé, òun ò ní wọlé. Òfin ò sọ pé kí òun má ṣe ìyàwó.

Bó ṣe di ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn, tí ìyàwó dúró nínú àgbàlá ilé ìkẹ́rùsí ní Creekmouth, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti àwọn lọ́rì tí wọ́n páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ọjọ́ karùn-ún nìyẹn, ó ku méjì. Afẹ́fẹ́ odò Tẹ́mísì ń fẹ́ ìborí rẹ̀ lọ síbi tó wù ú. Ilẹ̀kùn ńlá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ìjọ ti kún inú ilé, gbogbo ojú ń wò ó. Ó ń wò wọ́n padà.

Nínú ilé, Morákinyọ̀ gbé orin:

Ẹni tó pè mí ò ní pè mí tì,
Ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ní àgádágodo.
Ojú ọ̀run lòrùlé rẹ̀,
Ibi mo dúró, ilé rẹ̀ ni.

Bó ṣe ń kọ ọ́ ló ń rìn. Ó rìn kọjá níwájú pẹpẹ, kọjá láàárín àwọn àga, kọjá níwájú ìyá rẹ̀, ó jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó sì di ọwọ́ Wúrà méjèèjì mú níṣojú gbogbo wọn. Akọrin ń gbè é lọ nínú ilé, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n dákẹ́.

Màmá dìde. Ó wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò yọ ẹsẹ̀ síta.

"Ṣé o wá fà á jáde lọ́wọ́ mi nínú ilé Ọlọ́run?"

"Rárá, Mà. Òfin yín ni mo pa mọ́. Mo lè purọ́ kí n wọlé, ẹ ò bá tiẹ̀ yọ̀ mọ́ mi."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá Wúrà, ẹ dúró tì í."

"Mo ti dì í lọ́wọ́ mú látàárọ̀," Bàbá ní. "Mi ò sí nínú ìjọ yín. Ẹ ò rí ibi kankan lé mi kúrò."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín nínú ilé. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Wúrà ló tẹjú mọ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tó tó ẹgbẹ́ akọrin kan ti di ohùn kékeré.

"Ẹni tí o wẹ̀ yẹn, ta ni?"

"Mi ò lè sọ orúkọ rẹ̀, Mà. Aṣírí rẹ̀ ni. Kò ní ẹnì kankan."

"Tí ẹ bá ń wẹ̀ wọ́n… ṣé ẹ máa ń bá wọn sọ̀rọ̀?"

Wúrà gbọ́ ìbéèrè náà, ó sì gbọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, láti ọdún mẹ́rìndínlógún tí bàbá Morákinyọ̀ ti kú.

"A máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, Mà. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Mo kí i ní orúkọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé mo fẹ́ gbé apá rẹ̀, pé mo fẹ́ nu ojú rẹ̀. Mo bò ó láṣọ, kí ìhòòhò rẹ̀ má wà níta. Mo ya irun rẹ̀ bó ṣe máa ń yà á. Ohun gbogbo tí mo fẹ́ ṣe, mo sọ ọ́ fún un kí n tó ṣe é."

"Gbogbo ènìyàn lẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún?"

"Gbogbo ènìyàn, Mà. Bí ìyàwó ẹni náà ò bá tilẹ̀ wọlé, a ó ṣe é fún un."

Màmá Morákinyọ̀ di férémù ilẹ̀kùn mú. Wòlíì ti sún mọ́ ọn, ó ń rọra pè é ní orúkọ oyè rẹ̀ pé kó padà wá jókòó. Ó gbọ́, kò wẹ̀yìn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síta, ó gbé èkejì. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, ó gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Morákinyọ̀, ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ ti padà.

"Wòlíì," ó ní, "mo ti di ẹni ìta ọlọ́jọ́ méje. Ẹ gbé Bíbélì yẹn wá bá wa."

Àwọn obìnrin ló kọ́kọ́ tẹ̀lé e jáde, lẹ́yìn náà akọrin, lẹ́yìn náà gbogbo èrò. Wòlíì Adétúnbọ̀ dúró díẹ̀ láàárín àga òfìfo, ó wo pẹpẹ, ó wo àgbàlá. Ó gbé Bíbélì, ó jáde. Níbẹ̀ ló ti so wọ́n pọ̀, nínú afẹ́fẹ́, láàárín àwọn lọ́rì, tí Àǹtí Ṣọlá sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé bí òun ṣe tò ó nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, ìjọ tún pé. Gbogbo ẹni tó dé ló bá Màmá Morákinyọ̀ lórí àga lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú kóòtù tó bò ó dé kókósẹ̀. Wòlíì ti ní òun lè dín ọjọ́ náà kù fún un. Ó ní kó má dín in. Ó jókòó síta bẹ́ẹ̀ títí ìsìn fi parí, orin rẹ̀ sì ròkè ju ti gbogbo àwọn tó wà nínú ilé lọ.